Apá Friends wo ni oníjó ti bú sẹ́kún?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Friends, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, dunjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mò ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe àríyá ìdágbére ọmọge fún Phoebe. Danny DeVito ni oníjó abọ́ṣọ tí wọ́n pè. Ó wọ aṣọ ọlọ́pàá, ó gun àtẹ̀gùn débẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Phoebe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ni bàbá kúkúrú bá bú sẹ́kún. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà náà!

Fáìlì orí fláàṣì mi kò ní àkọlé, nọ́ńbà lásán ni. Mo ti tú sáà kẹjọ, àríyá Chandler tí Monica ṣètò ni mo bá. Mo tú ìkẹsàn-án, òfo. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ wò ó pẹ̀lú àbúrò mi tó ń ṣègbéyàwó.

Sáà kelòó ni, apá kelòó sì ni?