Ọlidé gbọọrọ dé tán: kí ni kí tíṣà tí kò ní gba owó oṣù kẹjọ ṣe?

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin, Ìbàdàn
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́ rípọ́ọ̀tì káàdì, mo mọ̀ pé ọwọ́ ṣì ń ro ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa parí sáà kẹta, ó di oṣù kẹsàn-án ká tó wọlé padà. Níbi tí mo wà, wọn kì í san owó oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan, àfi kó wá kọ́ lẹ́sìn ọlidé láti aago mẹ́jọ títí di aago kan, ìdajì owó oṣù ni wọ́n sì máa ń fún un.

Ọkọ mi ní ká kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá máa bá òun ta aṣọ ní Gbági. Èmi fúnra mi, B.Sc. ni mo ní, mi ò ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mi ò sì tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ká má purọ́, ó tún ti rẹ̀ mí. Ohùn mi ti há látìgbà tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ayẹyẹ ìparí ọdún. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ má pariwo lé ọmọ lórí, ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹ ń sinmi ohùn, torí ìyẹn náà máa ń ni ọ̀fun lára. Oyin àti atalẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè lóògùn kò burú, ṣùgbọ́n àìsọ̀rọ̀ gan-an ni oògùn rẹ̀. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò là, ẹ lọ rí dókítà.

Ti Ṣakí ńkọ́? Ẹ má bínú o, ṣé ìyàwó ilé máa ń sinmi nílé àna ni?

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin, Ìbàdàn
Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín! Ìyá ọkọ mi dáa o. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ, èmi ni mo máa ń wà nídìí ààrò látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀gá Ìṣirò, Òṣogbo
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ ìdajì owó oṣù yẹn. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò, ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yọ owó ẹni tí yóò bá yín wo ọmọ. Kí ló kù? Ẹ̀yin ni ẹ ó ṣì kọ́ wọn, ẹni tó nilé ẹ̀kọ́ ni yóò gba owó lẹ́sìn lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ẹ kó ọmọ mélòó kan jọ ládùúgbò yín, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì péré lójúmọ́. Ẹ bá àwọn òbí sọ ọ́ báyìí, kó tó di pé wọ́n fọ́n ká. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín kí ẹ tó pe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín. Ibòmíràn kò gbà á rárá, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dá yín dúró.

Ẹ má sì kọ́ wọn níṣẹ́ sáà tó ń bọ̀. Ọmọ kíláàsì kẹrin tí kò lè ka ojú ìwé kan já gaara pọ̀ lọ jàra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kàwé sókè, kí wọ́n sì mọ ìlọ́po wọn lórí. Iṣẹ́ ti pọ̀ tó nínú ìyẹn, kò sì ní ni ohùn yín lára, torí àwọn ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́dìẹ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ta ló rántí adìyẹ? Adìyẹ ẹlẹ́ran kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ tó fi ń tó pa. Ẹni tó bá kó ọmọ adìyẹ olóòjọ́ kan wọlé lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ tì, á máa tà á nígbà tí wọ́n bá ń wọlé padà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó sílẹ̀, ẹ gbé ìkòkò èédú sáàárín, kí ẹ sì fi ibi tí èéfín yóò gbà jáde sílẹ̀. Tí otútù bá ń mú wọn, wọn á kóra jọ sídìí iná bí ẹni ń ṣèpàdé. Tí ooru bá pọ̀ jù, wọn á sá jìnnà, wọn á máa lanu mí. Ẹ ó máa jí lóru wò wọ́n. Àjẹsára àrùn Gumboro àti Lasota tó wà fún àrùn Newcastle, ẹ ò gbọdọ̀ fò ó.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Adó-Èkìtì
Bàbá, ẹni tó ní ó ti rẹ òun lẹ ní kó máa jí lóru wo adìyẹ! Oúnjẹ adìyẹ ló ń gbé owó mì jù, kò sì sí owó oṣù kẹjọ lọ́wọ́ Àǹtí. Ṣé kó lọ yáwó ni? Ìgbà wo ló sì fẹ́ tà á? Ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí òbí ń sáré owó ilé ìwé, owó aṣọ, owó ìwé. Ta ló ń wá adìyẹ nígbà yẹn?

Bàbá Ẹlẹ́dìẹ, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo gbà fún ọ. Àwọn tó ń se oúnjẹ òde ni mo máa ń tà fún, mo sì máa ń bá wọn ṣàdéhùn kí n tó ra ọmọ adìyẹ kankan. Ẹni tí kò bá ní oníbàárà nílẹ̀, kó dúró di ìparí oṣù kẹwàá, kó sìn ín de Kérésì.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì, Oǹdó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó lé eku méjì, òfo ló máa ń mú bọ̀. Àǹtí yìí ń lé mẹ́rin. Èmi á ní kó mú ọ̀rọ̀ TRCN.

B.Sc. nìkan kò lè gbé yín débẹ̀, ìyá mi. Ẹ ní láti kọ́kọ́ ṣe PGDE, ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fún ẹni tó ti gba dìgírì. Yunifásítì ń ṣe é, NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tó ní olú ilé iṣẹ́ ní Kàdúná, náà ń ṣe é, wọ́n sì ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Tiwọn bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó ṣe PQE, ìdánwò TRCN fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ tó forúkọ sílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Gbogbo rẹ̀ kò lè parí nínú ọlidé kan. Ohun tí ọlidé yìí lè ṣe fún yín ni kí ẹ fi lọ béèrè iye owó níbi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gba fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì lọ tọ transcript yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò yín, ní yunifásítì tí ẹ ti jáde. Èyí ló máa ń falẹ̀ jù. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ́fíìsì wọn ń ṣí, ọjọ́ iṣẹ́ náà lẹ sì ń wà ní kíláàsì láti oṣù kẹsàn-án lọ. Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ ráyè lọ?

Nígbà tiwa, sandwich, ẹ̀kọ́ yunifásítì tí tíṣà ń fi ọlidé ṣe, la máa ń lọ lọ́dọọdún. Orí ilẹ̀ là ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bà la sì ń jẹ látọjọ́ Ajé dọ́jọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun Bàbá. Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ fi kún un. Èmi náà wà ní aládàáni, oṣù kẹjọ kì í sì í bá mi lábo mọ́. Àwa tíṣà kan jọ ń dá àjọ láti oṣù kẹsàn-án. Owó oṣù mọ́kànlá tí à ń gbà, a gbà pé ti oṣù méjìlá ni. Nínú oṣù kọ̀ọ̀kan a máa ń yọ ìdá kan nínú méjìlá sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó lè kó o kí ilé ẹ̀kọ́ tó tì, bó ti wù kó sunkún tó. Ó ti pẹ́ fún yín lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ń bọ̀.

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Òun àti àwọn ọmọ ló ń lọ sí Ṣakí fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi á jókòó sílé, n ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni. N ó fi àsìkò yẹn tọ transcript. Tí wọ́n bá dé, n ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn kíkà pẹ̀lú àwọn ọmọ ládùúgbò, kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kankan nínú wọn. Gbági, mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bínú díẹ̀.

Ọ̀gá Ìṣirò, Òṣogbo
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ gba owó lẹ́sìn o. Òbí tó bá ní òun á san án tí ọmọ bá parí, ẹ rọra sọ fún un pé àyè ti kún.