Ìtọ̀ já lára mi nídìí odó

Ìyá Dámilọ́lá, Adó-Èkìtì:
Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ kú ewu ọmọ. Mo rọbí àkọ́bí mi láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà tóbi. Nígbà tí agbára mi tán, dókítà fi irin tí wọ́n fi ń di orí ọmọ mú fà á jáde, wọ́n sì rán ojú ara mi. Ọmọ ké, mo gbàgbé gbogbo ìrora. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan mìíràn lè tẹ̀lé e.

Lóṣù kẹta, ìyá ọkọ mi wá láti Ìjerò. A ò kúkú ní gba àlejò ní Èkìtì ká má gúnyán. Mo sọ ọmọ odó lẹ́ẹ̀kẹta, ìtọ̀ já. Ìtọ̀ ò gbọ̀n mí rárá, ó kàn já ni. Mo fi ìró nu ẹsẹ̀, mo gún iyán náà tán, mi ò lè sọ nǹkan kan fún màmá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sín tàbí tí mo wúkọ́, ó di kí n wá aṣọ pààrọ̀. Aṣọ dúdú nìkan ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ èèyi, tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ni mo tó lanu sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kan. Ó ní iṣan kan wà tó tẹ́ bí ẹní sísàlẹ̀ ìbàdí, òun ló gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró. Bí orí ọmọ bá ń jáde, apá kan iṣan yìí lè nà tó ìlọ́po mẹ́ta. Irin tí wọ́n fi ń fa ọmọ sì lè mú kó já kúrò lára egungun. Ó ní kí n lọ rí físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan.

Físíò kọ́ mi pé kí n fún iṣan náà bí ẹni tó ń pa ìsó mọ́ra, kí n ka ení dé ẹẹ́jọ, kí n dẹ̀ ẹ́, ìgbà mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí n máa mí. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí ìyàtọ̀. Bí ikọ́ líle bá mú mi, ó ṣì ń já díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Ìyá Dámilọ́lá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Abẹ ni wọ́n fi gba àwọn tèmi. Gbogbo àdúgbò ní mo bọ́, pé ìsàlẹ̀ mi wà bó ṣe wà. Àmọ́ láti oyún oṣù keje ni ìtọ̀ ti ń já lára mi, kò sì dúró lẹ́yìn ìbí. Dókítà ní ìwúwo oyún fúnra rẹ̀ ti tẹ iṣan náà; iṣẹ́ abẹ ń dín ewu rẹ̀ kù ni, kò mú un kúrò. Ó dùn mí pé ọdún méjì ni mo fi ń bo ara mi mọ́lẹ̀ torí ọ̀rọ̀ àdúgbò.

Ìyá Ayọ̀, Ọ̀mùò:
Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fúnra mi, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìkẹrin, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan fẹ́ bọ́ lójú ara mi. Màmá mi ní kí n máa jókòó sómi gbígbóná. Ara tù mí, ṣùgbọ́n iṣan ò le sí i. Ilé ọmọ ló ti wálẹ̀. Rọ́bà róbótó kan ni dókítà fi gbé e ró, mo sì ń fún iṣan náà lójoojúmọ́. Ìyá Dámilọ́lá, ṣé ẹ ṣì ń gúnyán?

Ìyá Dámilọ́lá:
Mò ń gún un, mà. Mo máa ń fún iṣan náà kí ọmọ odó tó balẹ̀.