Bọ́ọ̀sì mi ń làágùn láti inú, ẹ jọ̀ọ́ ta ló ti lo aerogel rí?

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ mọ bọ́ọ̀sì tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ Fort McMurray, inú ẹ̀ náà ni mo máa ń sùn kí n tó padà lọ́jọ́ kejì. Òtútù èṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ìyẹn ni mo ṣe ra aerogel, ohun tí wọ́n fi ń dènà òtútù àti ooru tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, èyí tó dà bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, 10 mílímítà, owó tó bá a lọ tó owó ilé oṣù méjì. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́ọ̀sì nínú lọ́hùn-ún, mo kan pátákó lé e. Àná ó já sí -31, mo tan hítà onígáàsì, mo se ìrẹsì díẹ̀, mo sùn. Ìgbà tí mo jí, omi ń ṣàn lára pátákó bí ìgbà tí wọ́n da garawa omi sí i, mo tú ọ̀kan, yìnyín ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ti dì mọ́ irin pinpin. Sátidé yìí mo ní oúnjẹ ìsọmọlórúkọ láti gbé. Ṣé kí n tú gbogbo ẹ̀ dànù ni? Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò gbà á padà mọ́ torí mo ti gé e.

Àlàájà, Calgary:
Wa aleikumu salaamu àbúrò mi. Má tíì tú nǹkan kan. Àwọn egungun irin tó yọ síta lára bọ́ọ̀sì yẹn, ṣé o bò wọ́n àbí àárín wọn nìkan lo lẹ̀ ẹ́ mọ́?

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Àárín wọn nìkan ni Àlàájà, aṣọ ẹ̀ ò tó mọ́.

Àlàájà, Calgary:
Mo fura. Ohun tó jẹ owó èmi náà nìyẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí mo fi ń ta oúnjẹ. Mo bo gbogbo ara ẹ̀ mo fi egungun sílẹ̀, irin yẹn ló ń gbé òtútù wọlé tààrà, o lè ka egungun ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan láàárọ̀ torí ibi tí yìnyín bá gbà náà ni egungun gbà. Ìgbà tí mo tún un ṣe, ìrẹ́pé tó ṣẹ́ kù ni mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi wé egungun kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni aerogel wúlò jù torí kò nípọn, kò ní jẹ àyè lọ.

Ẹ̀gbọ́n, Aberdeen:
Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná. Hítà onígáàsì wo ló ń jó nínú ibi tí èèyàn sùn sí? Ṣé ó ní páìpù tó ń kó èéfín síta? Tí kò bá ní, àbúrò, ọ̀rọ̀ omi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ já ọ láyà. Carbon monoxide, èéfín olóró tó lè jáde lára gáàsì tó ń jó, ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ lè má jí. Lọ ra àláàmù ẹ̀ lónìí, má dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá tún bà ọ́. Ìkejì, gáàsì tó bá ń jó, omi ló ń tú sáfẹ́fẹ́. Kílò kan propane tó bá jó tán, omi tó jáde nínú ẹ̀ lé ní lítà kan àbọ̀. Fi omi ìrẹsì kún un, fi èémí rẹ kún un. Aerogel kọ́ ló sun omi, ìwọ lo gbé omi wọlé.

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun, kò ní páìpù. Mo ti pa á, mi ò ní tàn án mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní omi kì í wọ aerogel?

Ẹ̀gbọ́n, Aberdeen:
Omi tó ń ṣàn ò lè wọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín omi ń gba inú ẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ó kọjá, ó kan irin tó tutù, ó di omi, ó di yìnyín. Ìwọ ọmọ Òkèlele ló yẹ kó o mọ èyí jù wá lọ. Ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Dàda, ní Òkèlele yín ní Ìlọrin, tó o bá pọn omi kún un, ṣé o ò rí i tí ara ẹ̀ ń tutù tó ń rin níta, ojú ò rí ihò lára ẹ̀, síbẹ̀ omi ń jáde.

Ọmọ Ọ̀ffà, Houston:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Aṣọ yìí kan náà la fi ń wé páìpù stíìmù níbi iṣẹ́ wa, èyí tó lè fara da 650 dígírì Celsius. Kò nípọn, omi ò sì rin ín, ìyẹn ni wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀, torí páìpù tó bá ń dípẹtà lábẹ́ aṣọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ títí tó fi máa jò. Àmọ́ àṣìṣe tèmi ni páànù tí a fi ń bò ó. Mo fi etí páànù kọjú sókè, ó yẹ kó kọjú sílẹ̀ bíi páànù orílé tí òjò ń yọ́ kúrò lórí ẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin, omi gba etí wọlé, ó dúró lábẹ́ ẹ̀. Mítà méjìlá ni wọ́n ní kí n tú, owó ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì pàdánù. Aerogel náà gbẹ fíofío, àárín òun àti páìpù lomi dúró sí. Ojú ibi tí nǹkan ti pàdé ara wọn ni kí ẹ máa wò.

Àlàájà, Calgary:
Ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, kó ta nylon tó nípọn lé aerogel láti inú, kó fi téèpù dí gbogbo ojú ẹ̀, èéfín omi ò ní rọ́nà dé ara irin.

Ẹ̀gbọ́n, Aberdeen:
Àlàájà, mo bọ̀wọ̀ fún yín ṣùgbọ́n nylon yẹn, rárá. Inú bọ́ọ̀sì kì í ṣe ilé, ó ń gbọ̀n lójú títì, téèpù á tú níbì kan tí ẹ ò rí, èéfín á gba ibẹ̀ wọlé kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Á jókòó sẹ́yìn nylon títí irin á fi jẹrà. Fáànù kékeré sórí òrùlé, fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, hítà tí páìpù ẹ̀ jáde síta, ó tán.

Àlàájà, Calgary:
Ẹ̀gbọ́n, fèrèsé sílẹ̀ ní -31? Aberdeen yín ò mọ òtútù. Nylon tèmi ti lo òtútù mẹ́ta, mo tú u wò lóṣù kẹsàn-án, irin ẹ̀ mọ́ roro.

Ẹ̀gbọ́n, Aberdeen:
Calgary tí ẹ ní chinook, atẹ́gùn tó móoru tó ń yọ́ yìnyín láàárín January! Tiyín gbẹ torí atẹ́gùn yín gbẹ. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀ ní Edmonton ká wò ó.

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Lórí èyí, èmi àti Ẹ̀gbọ́n la jọ wà. Calgary ò mọ òtútù.

Ọmọ Òmù-Àrán, Stuttgart:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to bátìrì mọ́tò oníná ni mo wà. Aerogel tẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń fi sáàárín bátìrì kan àti èkejì, tí ọ̀kan bá gbiná kó má ràn mọ́ àwọn yòókù, kí àwọn tó wà nínú mọ́tò ráyè sá. Àwọn bátìrì yẹn máa ń wú díẹ̀ tí wọ́n bá ń gba iná, nítorí náà aerogel àárín wọn kò gbọdọ̀ le jù, kò sì gbọdọ̀ fún pọ̀ jù torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àbúrò, tó o bá fi pátákó tẹ̀ ẹ́ pa, o ti ba owó rẹ jẹ́.
Ẹ tún má retí ohun tó ju agbára ẹ̀ lọ. 10 mílímítà yẹn, iṣẹ́ rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe láti dènà òtútù, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì àbọ̀ ló ń ṣe. Kò sì fúyẹ́ bí ìyẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó kílò méjì ní mítà kan níbùú lóròó.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Ṣebí òun náà ni wọ́n fi bo inú ọkọ̀ tó lọ Mars?

Ọmọ Òmù-Àrán, Stuttgart:
Òun ni mà, Sojourner, 1997. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń se ìrẹsì nínú Sojourner. Ohun tó máa ń wú mi lórí jù ni bí Kistler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ ṣe aerogel, ṣe rí i ṣe ní 1931. Ẹ rántí ẹ̀kọ tí wọ́n bá tú sílẹ̀ nínú ewé tí wọ́n gbàgbé ẹ̀, bí omi ẹ̀ ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, tó ń sán. Òun wá ọ̀nà tí omi fi jáde nínú ohun tó dì bí ẹ̀kọ, tí kò sún kì rárá, afẹ́fẹ́ bọ́ sáyè omi. Ìyá mi ta ẹ̀kọ ní Òmù-Àrán, ọjọ́ tí mo kà á mo tẹ̀ wọ́n láago.

Ọmọ Ọ̀ffà, Houston:
Àbúrò Edmonton, níbo lo ti gé e? Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Pálọ̀ ni. Mi ò wọ nǹkan kan. Eruku funfun ṣì wà lára kápẹ́ẹ̀tì, àtẹ́lẹwọ́ mi sì gbẹ, ó ti ń sán.

Ọmọ Ọ̀ffà, Houston:
Háà. Eruku yẹn ń fa òróró ara gbẹ, tèmi sán bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ìta ni kó o ti máa gé e, bo imú, bo ojú, wọ ìbọ̀wọ́, wọ aṣọ tó bo gbogbo ara. Má fi ìgbálẹ̀ gbá ti pálọ̀ o, fi fákúùmù tó ní fíltà HEPA, èyí tó ń mú eruku tó kéré jù, fà á, kó o fi aṣọ tútù nù ún. Ọwọ́ yẹn, òrí ni. Òrí gidi, kì í ṣe ti inú ike tí wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Òrí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin! Èyí tí wọ́n fi igbá bù sínú ewé, tó ń yọ́ bó o ṣe ń gbé e lọ sílé. Ọyẹ́ ò lè rí wa gbé ṣe nígbà yẹn, ìyá wa á fi pa wá láti orí dé ẹsẹ̀, a ó máa dán láti ilé dé iléèwé.

Ọmọ Ọ̀ffà, Houston:
Ọ̀ffà là ń bá òrí tó dáa.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Ọ̀ffà? Ìjàkadì ni orò Ọ̀ffà, ẹ fi òrí sílẹ̀ fún Ìlọrin.

Ọmọ Ọ̀ffà, Houston:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ní eégún, ẹṣin leégún ilé yín, ẹ lọ fi òrí pa ẹṣin.

Àlàájà, Calgary:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti jẹ́ kí wàrà Gambari máa wù mí. Èyí tó ṣì ń gbóná, tí wọ́n fi ata díẹ̀ sí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti délé kẹ́yìn.

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Ẹ jọ̀ọ́, ti nylon yẹn ńkọ́? Ṣé kí n ta á ni àbí kí n má ta á? Sátidé ń bọ̀.

Àlàájà, Calgary:
Ta á.

Ẹ̀gbọ́n, Aberdeen:
Má ta á. Àláàmù yẹn ńkọ́, ṣé o ti rà á?

Ọmọ Òkèlele, Edmonton:
Mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí Ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Ta ló ń lọ sílé fún Iléyá? Mo fẹ́ fi owó òrí rán an.