Bò ni, kì í ṣe ààbò: lórí orúkọ gáàsì tí a fi ń jórin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mo ń gbé e mì. Àbúrò wa tó wà ní Birmingham ló béèrè ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ ya fídíò tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá bí ènìyàn ṣe lè fi ẹ̀rọ MIG (èyí tí wáyà ń gba ẹnu tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde, tó ń yọ́) jórin lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe gáàsì tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì náà láti bo irin tó yọ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shielding gas. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston dá a lóhùn pé “atẹ́gùn ààbò”, wọ́n sì fi “atẹ́gùn ọ̀lẹ” lé e fún èyí tí wọ́n ń pè ní inert, ìyẹn gáàsì tí kì í dìmọ́ nǹkan mìíràn. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn gbé “abòrin”, ohun tó ń bo irin, dé, tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí bò gbàgàdà.

Ti ohùn yẹn ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló lé oorun lójú mi. Bò ní ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tó bá dá dúró, tàbí tí arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀lé e: ó bò ó. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti di àbọ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló ń bọ́ sí: bo ilẹ̀, bo ara, bo irin. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ìbora kò fi í ṣe aṣọ ìbòra. Gbà náà, ohùn ìsàlẹ̀ ni, síbẹ̀ agbowó-orí là ń pe agbowó-orí, kò sí ẹni tó pè é ní agbòwó rí. Ẹni tó kọ “abòrin” ní òun wo abọ̀rìṣà kọ ọ́ ni. Ó ṣì í wò. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ òrìṣà ló pa jẹ, ohùn rẹ̀ ló sì ṣẹ́kù tó gun orí bọ. Irin kò ní ohùn ìsàlẹ̀ kankan níbẹ̀rẹ̀, níbo ni yóò ti rí i fún bo? Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ìbòmú ńkọ́, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ ní 2020. Mo jà lórí ìyẹn náà nígbà yẹn, mo sì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ mi.

Ó kan ààbò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ààbò kọ́ ni iṣẹ́ gáàsì yìí. Ààbò ni ohun tí ènìyàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Inú àdúrà la ti mọ̀ ọ́n jù. Gáàsì méjì là ń lò jù, argon àti CO2 (carbon dioxide). Argon wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ, CO2 náà wúwo jù ú lọ. Bí ènìyàn bá tilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì mọ́ra nítorí òtútù, tí sìlíńdà sì ń jò, ìsàlẹ̀ ni gáàsì náà yóò máa kóra jọ sí, tí yóò máa lé èyí tí à ń mí kúrò. Argon kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gbọ́ pé “ààbò” ni? Irin tó yọ́ nìkan ló ń bò, títí yóò fi dì tán.

Atẹ́gùn tí ẹ fi síwájú rẹ̀ tún burú ju ààbò lọ. Atẹ́gùn ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣílẹ̀kùn gáréèjì, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé díẹ̀, kí ẹ wá wo ojú ibi tí ẹ jó: ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ bí afárá oyin. Ṣé ká wá sọ fún àwọn ọmọ pé atẹ́gùn ló gbé atẹ́gùn lọ ni? CO2 gan-an, ó ti di ohun tó ń ṣàn bí omi nínú sìlíńdà. Ìdí nìyẹn tí gééjì rẹ̀ fi ń dúró lójú kan títí omi yẹn yóò fi tán, tí ẹni tó gbọ́n sì ń gbé e sórí ìwọ̀n láti mọ iye tó kù. Ti argon kò rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni gééjì tirẹ̀ ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń lò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sọ pé gáàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, pé atẹ́gùn ni àwọn baba wa ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò bá a nílẹ̀. Jan Baptist van Helmont, ará Brussels, ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ló sì ti yọ ọ́. Bí àwọn bá rí i gbà, ta ló ní kí àwa má gbà á? Ìyá tó ń dáná ní Mushin kò pe ohun tó wà nínú sìlíńdà rẹ̀ ní atẹ́gùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbọ́ bò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Láfẹ́ńwá, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Ilé ewìrì ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná kí irin tó lè rọ̀, kí wọ́n tó wá di ajórin tó ń lo ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tí wọ́n fi nǹkan bò lára. Bí mo bá ti sáré gbé hámà láti kan ìdàrọ́, èèpá tó ń dì sójú irin tí a jó, kúrò lójú iṣẹ́, wọn a di ọwọ́ mi mú: “Jẹ́ kó bò ó. Kò tíì dì.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìdàrọ́ ló ń bo irin nígbà náà, òun àti èéfín tó ń jáde lára ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù. Gáàsì ló ń bò ó báyìí. Iṣẹ́ kan náà ni. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti lọ, tí mo bá sì tẹ tọ́ọ̀ṣì, tí mo gbọ́ bí gáàsì ṣe ń ṣe ṣìììì, ohùn wọn ni mo ń gbọ́.

“Ọ̀lẹ” gan-an ló mú mi kọ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n: argos lédè Gíríìkì, ọ̀lẹ ni, òun ni Rayleigh àti Ramsay sì mú sọ argon lórúkọ nígbà tí wọ́n rí i ní 1894. Ó bá argon mu. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irin lásán ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jórin nílé ń jó, géètì, àga, tírélà kékeré. Argon nìkan kì í ṣe iṣẹ́ irin bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n po CO2 mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà, 75 argon sí 25 CO2 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ mọ̀ jù. Níbí ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 5 títí dé 20 CO2 là ń rí rà. Àwọn kan ń lo CO2 nìkan, nítorí ó dínwó, ó sì ń wọ irin jinlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú kí irin tó yọ́ ta káàkiri gan-an. CO2 kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Nínú iná yẹn ló ti ń pínyà, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ ń wá ohun tí yóò dìmọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi manganese àti silicon sínú wáyà, kí méjèèjì lè gba ọ́síjìn náà lọ́wọ́ irin.

Èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì lọ́nà. Inert ni mo kà, inert ni mo lọ rà: argon pọ́nńbélé, láti fi jó géètì. Ojú iṣẹ́ náà kàn gbé ara lé irin bí okùn tí wọ́n tẹ́ síta ni, kò wọlé. Oṣù kejì ni ìdè géètì já. Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ lánàá pé nitrogen náà lè ṣe é, nítorí “ọ̀lẹ” lòun náà. Ẹ jọ̀ọ́! Àwọn kan níbí ń lọ fi gáàsì ilé ọtí, èyí tí wọ́n fi ń ti ọtí jáde, jórin. CO2 nìkan lè ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń ti sítáòtù, ọtí dúdú, jáde, 70 nitrogen sí 30 CO2 ló sábà máa ń jẹ́, ihò ni yóò sì fi kún irin náà. Orúkọ tó bá mú ènìyàn ra nǹkan tí kò yẹ, orúkọ burúkú ni.

Àbúrò, gáàsì ìborin ni kí o pè é, bí aṣọ ìbora: ì ní ìsàlẹ̀, bo àti rin ní àárín. Èyí tí kò lo gáàsì, wáyà abora-ẹni ni, nítorí ohun tí yóò bo irin wà nínú ikùn wáyà náà. Kí o sì sọ fún wọn pé wọn óò pààrọ̀ àyè okùn iná méjèèjì lára ẹ̀rọ, pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù, fún un. Fi èjìká sìlíńdà hàn wọ́n: argon ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, CO2 ní àwọ̀ eérú, àdàlù méjèèjì ní àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò, nitrogen ní dúdú. Rẹgulétọ̀ CO2 kì í wọ ẹnu sìlíńdà argon níbí. Kí wọ́n má ra ìgò kékeré tí à ń jù nù, lítà 10 ni à ń lò ní ìṣẹ́jú kan, yóò tán kí ọwọ́ wọn tó balẹ̀. Sìlíńdà tó gba lítà 10, tí wọ́n rọ gáàsì sí dé 200 báà (báà ni a fi ń wọn bí gáàsì ṣe fún tó), yóò fún wọn ní nǹkan bí lítà 2,000. Kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò ti san owó ìdúró lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò ní máa san owó oṣù lórí sìlíńdà tó wà nílẹ̀ lásán.

Ìyá wa láti Ìbàdàn béèrè pé àlùmíníọ́mù, tó jẹ́ pé argon pọ́nńbélé ni a sábà fi ń jó o, ṣé irin ni, tí a ó fi máa pe tirẹ̀ náà ní ìborin. Mo fẹ́ dáhùn pé ajórin ṣì là ń pe ẹni tó ń jó o. Ṣùgbọ́n ìdẹ kì í ṣe irin lẹ́nu àwọn àgbà, òjé kì í ṣe irin, mi ò sì fẹ́ fi agídí bá Ìyá sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ṣì ń retí àlàyé yín lórí ibi tí atẹ́gùn ti ṣẹ̀ wá.