Òróró peppermint fún orí fífọ́ àti ọrùn ríro, báwo lẹ ṣe ń lò ó?

Ìyá Tóbi:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, tó bá ti di ọ̀sán báyìí ọrùn mi á ti le gan-an, láti ibẹ̀ ni ìrora á ti gun ẹ̀yìn orí wá sí iwájú, á wá dà bíi pé wọ́n fi ọ̀já di orí mi pinpin. Paracetamol ni mo máa ń lò ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni màá máa gbé oògùn mì. Ọ̀rẹ́ mi wá fún mi ní òróró peppermint nínú ìgò kékeré kan, wọ́n kọ 100% sí i lára, mo kàn ṣí i báyìí ni òórùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mi ò tíì fi kan ara. Ṣé bó ṣe wà yẹn náà ni wọ́n ṣe ń fi í pa orí àbí wọ́n ń pò ó mọ́ nǹkan? Ẹnì kan tún ní kí n máa kán an sínú tíì mu. Mo ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 nílé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi rò ó mọ́ ọn.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀:
Ìyá Tóbi ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ masáàjì ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ràn òróró yìí dáadáa, àmọ́ mi ò jẹ́ fi í pa ẹnikẹ́ni láìpò ó, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bu òróró àgbọn tàbí ti ólífì kún ṣíbí ìmutíì kan, ìyẹn bíi 5 ml, kí ẹ wá kán peppermint sí i lẹ́ẹ̀mejì péré, ìyẹn ti tó 2%. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì, tí kò bá yún yín tí ibẹ̀ ò sì pọ́n, ẹ lè wá fi pa ẹ̀bátí àti ẹ̀yìn ọrùn níbi tó ti so mọ́ orí, kí ẹ fi ìka rọra yí i lọ yí i bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ojú rárá, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kíá. Tó bá ń ta yín lára jù, omi nìkan ò lè gbé e kúrò, òróró àgbọn lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nù ún kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbé nǹkan gbígbóná lé ibi tí ẹ bá fi pa o, ó lè bó ara.

Apòògùn Àdúgbò:
Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ti sọ ọ́ dáadáa. Menthol tó wà nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, ó máa ń ṣí ohun kan tí wọ́n ń pè ní TRPM8 lára iṣan tó ń gbọ́ òtútù, ọpọlọ á wá rò pé ibẹ̀ tutù, ìrora á sì dínkù (David Julius àti Ardem Patapoutian, àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021, menthol wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìwádìí bí ara ṣe ń mọ ooru àti òtútù). Fún irú orí fífọ́ tí ẹ sọ yìí gan-an, wọ́n ti dán an wò ní Jámánì lọ́dún 1996, èyí tí wọ́n pò mọ́ ọtí líle ní 10%, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí paracetamol 1000 mg.

Ti tíì yẹn, ẹ má dán an wò! Ewé míǹtì lẹ lè fi se tíì, kì í ṣe òróró inú ìgò. Èyí tí wọ́n ń gbé mì fún inú rírun jẹ́ kápúsù tí wọ́n fi nǹkan bò kó má baà tú títí á fi dé ìfun, torí tó bá tú nínú ikùn, ó máa ń dẹ ẹnu ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ ikùn sílẹ̀, àyà á sì máa ta èèyàn.

Ọmọ yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ẹ má fi sí i nímú, lójú tàbí láyà láéláé, ó lè dí èémí ọmọ kékeré lójijì. Àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa), menthol tún lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Tí ẹ bá ti fi para, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé e mọ́ra.

Bàbá Kọ́lá:
Orúnkún lèmi máa ń fi pa ní tèmi. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ fúngbà díẹ̀ ni, oríkèé tó ti jẹ kò ní torí ẹ̀ padà bọ̀ sípò. Mi ò kì í fi para lálẹ́ torí òórùn ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn.

Ìyá Tóbi:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Mo ti gbé ìgò yẹn sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè dé. Ṣé mo lè máa lò ó lójoojúmọ́?

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀:
Ẹ lè lò ó lọ́jọ́ tó bá ń dùn yín, ṣùgbọ́n tó bá ti di ojoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wò yín. Tí orí bá ṣàdédé fọ́ lọ́nà tí kò ṣe rí, tàbí ibà bá mú un tí ọrùn ò ṣeé tẹ̀, ẹ má fi òróró pa á rárá, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tún gbé kọ̀ǹpútà yẹn sókè kí ojú yín máa wò ó lọ́gbọọgba, torí mo fura pé títẹ orí ba lé e lórí látàárọ̀ ló ń fa ọrùn yín.