Kókó nínú ọyàn tí wọ́n fi ẹran ikùn mọ

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́: Ẹ kú alẹ́ o. Wọ́n gé ọyàn òsì mi nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n fi ẹran ikùn mọ òmíràn. (Ikùn mi wá pẹlẹbẹ, èènì nìyẹn!) Kókó líle kan ti yọ lábẹ́ àpá. Màmógíráàmù (àwòrán X-ray ọyàn) ni kí n ṣe ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀bá-Ilé: Ẹ má jáyà, Mà, ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ. Ọ̀rá tó kú nínú ẹran náà ló sábà máa ń di kókó, àmọ́ jẹjẹrẹ lè padà. Ọwọ́ lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọlitirasáǹdì (àwòrán tí wọ́n fi ìró yà) àti màmógíráàmù ni wọn yóò fi wò ó, nígbà míì wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ẹ má gbàgbé láti yẹ ọyàn ọ̀tún wò pẹ̀lú.

Àǹtí Ondo: Àpò sílíkónì ni wọ́n fi mọ ọyàn tèmi. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ní ká fi ọlitirasáǹdì tàbí MRI (ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara) wò ó lẹ́yìn ọdún 5 sí 6 tí wọ́n ti fi í sí i, ká mọ̀ bóyá ó ti ya.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé. Mo ń wá ìwé iṣẹ́ abẹ náà báyìí, kí n lè mú un lọ sílé ìwòsàn.