Ṣé call tòlótòló tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ni kí n rà, àbí ti fáktọ́rì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá Georgia

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ọdẹ ilé wa, ẹ kú ìmúra àsìkò. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mi ò sì lè bi àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ torí pé ọ̀kan nínú wọn gan-an ló ń ta ọjà tí mo fẹ́ béèrè nípa ẹ̀. Mo ti ṣe kíláàsì hunter education, mo ti gba láísẹ́ǹsì, mo gba ti big game (ẹran ńlá) pẹ̀lú harvest record, ìwé tí wọ́n ń kọ ẹyẹ téèyàn bá pa sí, ìbọn wà, aṣọ aláwọ̀ ewé wà, ohun tó kù ò ju call, ìyẹn ohun èlò tó ń ké bí abo, tí màá fi pe akọ tòlótòló igbó lọ.

Bàbá òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa máa ń gbẹ́ box call, àpótí kékeré tí wọ́n máa ń fa ìdérí ẹ̀ kó lè dún, nínú gáréèjì ẹ̀. Igi poplar ló fi ṣe àpótí, walnut ló fi ṣe ìdérí, ó dán, ó kọ orúkọ ẹ̀ àti ọdún tó gbẹ́ ẹ sí abẹ́ ẹ̀. Dọ́là 140 ló pè é. Ó fi dún fún mi lẹ́yìn iṣẹ́, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Àmọ́ nígbà tí mo yà ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé owó yẹn á ra box call ti kọ́ńpìnì, á ra pot call (èyí tó rí pẹlẹbẹ, olójú síléètì tàbí gíláàsì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré ha), á tún ra mouth call (èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu fẹ́) bíi mẹ́ta, ṣéńjì á ṣì kù. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò pé mi ò ní ná ju 150 lọ, mi ò sì fẹ́ yẹ àdéhùn yẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni àfọwọ́ṣe dáa ju ti fáktọ́rì, àbí ẹwà igi là ń sanwó fún? Ṣé akọ tòlótòló mọ ìyàtọ̀? Mi ò fi call pe ẹyẹ rí láyé mi, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ kó yé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ Alabama

Àbúrò mi káàbọ̀, Ògún á gbè ẹ́ o. Akọ tòlótòló ò mọ ẹni tó gbẹ́ call, ohùn abo ló mọ̀, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́tí sí abo dáadáa tó bá ń ké ìgbe tí wọ́n ń pè ní yelp. Ẹyọ igbe kan ṣoṣo, ohùn méjì ló wà nínú ẹ̀: ó máa kọ́kọ́ mú lókè, tín-ín-rín, lẹ́yìn náà á já wá sílẹ̀, á nípọn, á há díẹ̀. Ibi tó ti já yẹn ni gbogbo nǹkan wà. Call tí ò bá lè já ohùn yẹn, tó kàn ń han lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má rà á, ì báà jẹ́ dọ́là 10, ì báà jẹ́ 300. Mo ti gbọ́ ti fáktọ́rì tó já a bí ẹyẹ gidi, mo sì ti gbọ́ àfọwọ́ṣe olówó ńlá tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí ò lépo.

Box call ti Lynch tí àwọn èèyàn apá ibí mọ̀ bí ẹní mowó, láti nǹkan bí 1940 ni wọ́n ti ń ṣe é, fáktọ́rì ló ń ṣe é, àwọn bàbá fi pa ẹyẹ, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ṣì ń lò ó. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹ pé ọjà fáktọ́rì ò níláárí. Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, box call ti kọ́ńpìnì bíi dọ́là 30 ni màá rà lọ́dún yìí, màá fi kún un pẹ̀lú mouth call méjì, màá kọ́ ọwọ́ àti ẹnu mi, owó tó kù á wọ àpò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Carolina

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ igi ni mo fi ń jẹun, mo sì ń gbẹ́ pot call fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Fáktọ́rì, ẹ̀rọ ló ń gé gbogbo ẹ̀, ìwọ̀n kan náà, sísanra kan náà. Igi ò sì rí bẹ́ẹ̀. Pákó méjì láti ara igi kan ṣoṣo, ọ̀kan á le, èkejì á rọ̀, ọ̀kan gbẹ ju èkejì lọ, tó o bá gé àwọn méjèèjì bákan náà, ohùn wọn ò ní bára mu. Ìdí nìyẹn tó o fi lè rí box call mẹ́wàá lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ kan náà, páálí kan náà, kí méjì kọrin, kí mẹ́jọ tó kù máa ráhùn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbẹ́, tó bá mọṣẹ́, á gbé ìdérí lé e, á fà á, á gbọ́, á fá etí àpótí díẹ̀, á tún fà á, á tún fá abẹ́ ìdérí níbi tó ti yọ gọngọ, á ṣe é títí ohùn yẹn á fi já bí ẹ̀gbọ́n ṣe ṣàlàyé. Àwọn àyàn nílé wa náà mọ èyí, wọn kì í gbẹ́ ìlù lára igi kígi, igi ọ̀mọ̀ tó hù sẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n máa ń wá torí wọ́n ní ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn pẹ́. Igi tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gba kéèyàn jókòó tì í.

Iṣẹ́ yìí sì ti pẹ́. Àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi eegun apá tòlótòló ṣe fèrè tí wọ́n fi ń pe tòlótòló fúnra ẹ̀, títí dòní àwọn kan ṣì ń ṣe é, eegun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kì bọ ara wọn. Box call, Henry Gibson ará Dardanelle ní Arkansas ló gba pátẹ́ǹtì ẹ̀ lọ́dún 1897. Ní South Carolina níbí, Neil Cost tó gbé ní Greenwood, box call tó fi ọwọ́ ẹ̀ gbẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn tó ń kó o jọ ń rà á báyìí. NWTF, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tòlótòló igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Edgefield, máa ń ṣe ìdíje fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe call. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

Àmọ́ o, mi ò ní tan ọmọ ìyá mi. Àfọwọ́ṣe pọ̀ tó jẹ́ pé dídán ni ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ̀, kò mọ ohùn. Torí náà, kó o tó kó 140 sílẹ̀, ní kí bàbá yẹn bá ẹ jáde síta. Kó dúró sí ìdí igi, ìwọ rìn lọ jìnnà bíi yáàdì 50, kẹ́yìn sí i, kó wá fà á. Call tó ń dún dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí lè di ariwo lásán lọ́nà jíjìn, èyí tó sì le létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè wá dùn bí ẹyẹ gidi tó bá gba àárín igi kọjá. Ọ̀nà jíjìn yẹn ni akọ á ti gbọ́ ẹ. Lẹ́yìn náà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ fúnra ẹ fà á. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí ohun tó o gbọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ bàbá ló wà níbẹ̀, ọdún pípẹ́ ló ti fi ń fà á. Tó bá já lọ́wọ́ ìwọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n fà, a jẹ́ pé call náà dáa.

Mouth call ńkọ́? Níbẹ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n ò ní jà rárá. Rọ́bà pẹlẹbẹ, tépù àti férémù kékeré ni, rọ́bà yẹn á rẹ̀ kí ọdún tó yí po, ẹni yòówù kó ṣe é. Ti fáktọ́rì ni kó o rà, bíi dọ́là 6 sí 15.

Ìyá Ìbejì Tennessee

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ ò tíì sọ ti òjò, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò gan-an ni oṣù kẹrin. Box call tí omi bá kàn, ì báà jẹ́ bàbá ló gbẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni mo máa ń kì í bọ̀, màá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, màá sì fà á níbẹ̀ láì yọ ọ́ síta. Pot call olójú síléètì náà ò fẹ́ omi, òkúta síléètì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òbí wa níwèé láyé àtijọ́ náà ni. Olójú gíláàsì gba omi díẹ̀ tí striker ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń ha á, ò bá ti jẹ́ igi.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kó o kọ́ mouth call lọ́ranyàn ni pé ó fi ọwọ́ ẹ sílẹ̀. Ojú tòlótòló mú burúkú. Tí akọ bá ti wọ nǹkan bíi yáàdì 40, tó na ọrùn, tó ń wá abo tó ń pè é, ọwọ́ tó bá fẹ́ fa ìdérí box call nígbà yẹn ló máa tú àṣírí ẹ. Ìbọn lórí orúnkún, ọwọ́ méjèèjì lórí ìbọn, cluck kékeré kan, ìyẹn igbe ṣókí abo, láti ẹnu, ó tó. Máa fi kọ́ra nínú mọ́tò tó o bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá Georgia

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin màmá wa, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ló kù. Mo yá mouth call ti ọ̀rẹ́ mi kan wò, mo sè é nínú omi gbígbóná kí n tó fi sẹ́nu, kò dúró ní àjà ẹnu mi, ó ń tì lọ sẹ́yìn, ó ń fẹ́ mú mi bì. Ṣé kò bá ẹnu mi mu ni? Èkejì, ẹnì kan sọ fún mi pé kí n kúkú gbé ohùn abo jáde látorí fóònù, kí n má náwó kankan. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọdẹ Alabama

Ti fóònù yẹn, rárá o! Òfin Georgia ò gba kéèyàn fi ẹ̀rọ tó ń lo iná pe tòlótòló, òfin tó wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ náà nìyẹn. Nílé ni kó o ti gbọ́ ọ lórí fóònù láti fi kọ́ ohùn, kì í ṣe nínú igbó.

Ti ẹnu, call yẹn fẹ̀ ju àjà ẹnu ẹ lọ ni. Mú sísọ́ọ̀sì, rẹ́ tépù etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wò ó, tún rẹ́ ẹ, má jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì dé ìdí férémù. Mouth call wà fún ẹnu kéékèèké náà, béèrè ní ṣọ́ọ̀bù. Má sè é mọ́, omi gbígbóná ń ba rọ́bà jẹ́, omi tútù ló fẹ́. Tó o bá lò ó tán, fi omi ṣan án, ki ìtayín sáàárín àwọn rọ́bà ẹ̀ kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra, kó o wá gbé e sínú fíríìjì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè ṣàìsọ. Call kan wà tó ń ké bí akọ, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Má lò ó lórí ilẹ̀ ìjọba. Ọdẹ mìíràn tó gbọ́ ẹ lè rò pé ẹyẹ ni ẹ́. Má sì wọ nǹkan pupa, funfun tàbí búlúù, títí kan ìbọ̀sẹ̀ àti áńkáṣíìfù, torí àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìyẹn. Àwọn ará ilé ẹ ń retí ẹ. Rántí pé láti 2022, akọ méjì péré ni Georgia gbà fún ẹnì kan ní gbogbo àsìkò, ilẹ̀ aládàáni ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, ilẹ̀ ìjọba lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tó o bá sì pa ẹyẹ, kí wákàtí 24 má kọjá kó o tó fi tó ìjọba létí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Carolina

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfiyèsí. Àbúrò, nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn lórí owó. Bi bàbá yẹn bóyá ó ń ṣe pot call. Ó máa ń rọjú ju box call lọ, àfọwọ́ṣe tó dáa lè wà láàárín dọ́là 60 sí 90, mouth call méjì á sì tún wọ inú 150 ẹ. Bó bá ní in, ní kó kó striker oríṣiríṣi wá, igi líle, igi rírọ̀, torí striker ni ìdajì ohùn, ojú síléètì kan náà á dún bí abo àgbà pẹ̀lú ọ̀kan, á dún bí ọmọdé abo pẹ̀lú òmíràn. Ojú síléètì yẹn, má fi ìka kàn án, òróró ara á jẹ́ kí striker máa yọ̀. Fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ha á sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kó o wá fa striker lòdì sí ìlà tó o ha.

Tó bá sì jẹ́ box call lo rà níkẹyìn, ṣọ́ọ̀kì tí kò ní òróró tàbí ìda nínú ni kó o fi kùn ún. Má fi sáńpépà kàn án láéláé, ohùn tí bàbá fá sínú ẹ̀ lo ń fá dànù yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Georgia

Ẹ kú inúure o. Mo ti pe bàbá, ó ní òun ní pot call síléètì kan tí òun fi cherry ṣe, dọ́là 75, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, pápá wà lẹ́yìn ilé òun tí mo lè rìn lọ jìnnà kí òun fà á. Mo sọ fún un pé èmi náà fẹ́ fà á kí n tó sanwó, ó ní ẹni tí ò bá béèrè bẹ́ẹ̀ òun kì í fẹ́ tà fún un. Striker mẹ́ta ló máa kó wá.

Ìyá Ìbejì Tennessee

Bàbá yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá já lọ́wọ́ ẹ, sanwó. Gba nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa torí striker máa ń sọnù nínú igbó.